Àga Àlejò, Àpótí Onílé: Ohun Èlò Ilé Ìsìn ní Kumasi

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọ kan ń rò nípa Ọlọ́run, kí ó má ṣe dúró de ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Kí ó wọ inú ilé ìsìn náà ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí orin ti dákẹ́, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ẹni tí ń gbálẹ̀. Kí ó wo pẹpẹ, kí ó wo àga ìwàásù, kí ó wo ọpọ́n tí a fi ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, kí ó wo ilẹ̀kùn àti àjà. Kí ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé: Ta ni ó ṣe ìwọ̀nyí? Ta ni ó rán an níṣẹ́? Iṣẹ́ wo sì ni nǹkan náà ń ṣe nígbà tí ìjọ bá pé? Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé lọ sí Kumasi, olú ìlú àwọn Asante ní ilẹ̀ Gánà. N ó yà sí Dẹ́nmáàkì, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì tí ó kọ́kọ́ dé Kumasi, ibẹ̀ ni ó ti wá. N ó sì yà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kí á lè fi ti ilé wọn ti ìta wò.

Ìtàn kékeré kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ikán jẹ ẹsẹ̀ pátákó tí a máa ń gbé Bíbélì ńlá lé nínú ilé ìsìn wa. Agbẹ́gilére kan wà ní àdúgbò wa tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ tọkàntọkàn. Kò dúró kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ rán òun. Ó wá igi ìrókò, ó sì gbẹ́ òmíràn: obìnrin kan tí ó kúnlẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di pákó pẹlẹbẹ kan mú lórí, kí á lè tẹ́ Bíbélì sí orí pákó náà. Àwọn àgbà ìjọ pé jọ, wọ́n yí i ká, wọ́n wò ó títí. Ọ̀kan nínú wọn ní arugbá Ṣàngó ni nǹkan yìí jọ. Òótọ́ ni, ó jọ ọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Èkó kí kápẹ́ńtà kan òmíràn wá, bí èyí tí wọ́n rí nínú ìwé ọjà àwọn òyìnbó. Agbẹ́gilére gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ilé. Kò fi ìjọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá ni ó ń jókòó sí.

Èmi kò lè dá àwọn àgbà náà lẹ́bi tán. Ọwọ́ ara wọn ni òmíràn nínú wọn fi ju ère baba rẹ̀ sí iná ní ọjọ́ tí ó gba ìgbàgbọ́, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi igi náà: kí ni ó jọ? Wọn kò bi í pé kí ni yóò máa ṣe. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé orí, iṣẹ́ tí Màríà ṣe kọ́ nìyẹn bí? Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ohun èlò ilé ìsìn, ní ilé àti ní ìrìn-àjò, mo sì ti wá rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ́nà, àti àwa tí a ń sá fún ohun ìbílẹ̀, àti àwa tí a ń lépa rẹ̀.

Kumasi dára fún irú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ìsìn Kristi kò bá ọwọ́ òfo níbẹ̀. Ìlú tí ó ní ọba, tí ó ní agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ wúrà, ahunṣọ àti onílù ààfin ni àwọn míṣọ́nnárì bá. Títí di òní, bí ènìyàn bá jáde kúrò ní ìgboro, kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé Ahwiaa níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, Ntonso níbi tí wọ́n ti ń tẹ àmì adinkra sí aṣọ, àti Bonwire níbi tí wọ́n ti ń hun kente. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, wọ Kumasi ní ọdún 1839; òun kan náà ni ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1842, nítorí náà àwa pẹ̀lú mọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1839 yìí kan náà ni Andreas Riis, tí Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Basel rán, tọ ọ̀nà Kumasi. Kò rí àyè dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó di ọdún 1896 kí Fritz Ramseyer, tí àwọn ọmọ ogun Asante ti mú lẹ́rú ní 1869 tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní 1874, tó padà wá fi ẹsẹ̀ ìjọ náà múlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìsìn àwọn Presbyterian ní Adum ń jẹ́. Àwọn Kátólíìkì ẹgbẹ́ S.M.A., tí wọ́n ti wà ní Elmina láti 1880, dé tẹ̀lé wọn.

Ọ̀rọ̀ Riis ni mo fẹ́ kí á dúró lé. Ọmọ Dẹ́nmáàkì ni. Ní ọdún 1804 ni a bí i ní Løgumkloster, ní ìhà gúúsù Jutland. Ní ìgbà náà, àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni ó ni ilé olódi Christiansborg ní Osu, ní etí òkun Accra; ọwọ́ wọn ni ẹgbẹ́ Basel ti gba àyè iṣẹ́ ní 1828, wọn kò sì ta ibẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di 1850. Ìsìn tí ẹgbẹ́ Basel gbé wá jẹ́ ìsìn ògiri funfun: Bíbélì, orin, ìwàásù, bẹ́ńṣì. Wọn kò ka ohun ọ̀ṣọ́ sí. Ìyípadà ọkàn ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìsìn ìlú tí a ti bí Riis kì í ṣe ilé lásán. Àwọn mọ́ńkì ni ó fi bíríkì kọ́ ọ ní àtijọ́, kí ó tó padà di ilé ìsìn ìjọ àdúgbò. Ẹni tí ó bá rò pé ilé ìsìn àwọn aláwọ̀ funfun kò ní ère àti àwòrán, kí ó lọ wo àwọn ilé ìsìn abúlé ní Dẹ́nmáàkì ná.

Ní erékùṣù Møn, ilé ìsìn mẹ́ta wà nítòsí ara wọn: Fanefjord, Elmelunde, Keldby. Ní nǹkan bí ọdún 1500, ayàwòrán kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n kàn ń pè ní Ọ̀gá Elmelunde, ya àwòrán sí àjà àti ògiri wọn lórí ẹfun. Àwọn tí kò mọ ìwé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ní Elmelunde, a ti lé Ádámù jáde kúrò nínú ọgbà, ó sì ń túlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń túlẹ̀, pẹ̀lú ẹṣin. Kì í ṣe ilẹ̀ Júù ni ó ń ro. Oko tí ó wà lẹ́yìn ògiri ilé ìsìn náà ni. Ní Fanefjord, àwọn obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n máa gbọ́ ìwàásù, ẹ̀mí búburú kan sì wà nítòsí tí ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. (Olùkọ́ tí ó bá ti jókòó ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ilé ìsìn rí kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.) Lẹ́yìn tí Dẹ́nmáàkì gba ẹ̀kọ́ Luther ní ọdún 1536, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a fi ẹfun bò mọ́lẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ó pẹ́ gan-an, tí àwọn onímọ̀ wá ń ha ẹfun náà kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n bá àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹfun tí ó bò wọ́n ni ó pa wọ́n mọ́.

Ohun kan sì tún wà tí ó wù mí ju àwòrán lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìsìn Dẹ́nmáàkì, bí o bá gbé ojú sókè, ìwọ yóò rí ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a so rọ̀ láti àjà, pẹ̀lú òpó rẹ̀, okùn rẹ̀ àti ìgbòkun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí. Atukọ̀ ni ó sábà máa ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tọrẹ, kí ó lè dúpẹ́ tàbí kí ó lè rántí àwọn tí ó wà lójú òkun. Kò sí ibì kan nínú Bíbélì tí a ti pàṣẹ rẹ̀. Kò jọ ohun mímọ́ kankan. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni, tí wọ́n gbé wá sí iwájú Ọlọ́run nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí wọn ti wà nínú ewu. Mo ti bi ara mi léèrè ní ìgbà púpọ̀ pé, ní ilé ìsìn àwọn àgbẹ̀ kòkó, yálà ní ilẹ̀ Asante ni tàbí ní Oǹdó, kí ni ó wà lábẹ́ àjà? Ní àwọn tí mo mọ̀, àfi fáànù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé nítorí pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀ ni ó fi dára. Ohun èlò àlejò kún inú ilé ìsìn Dẹ́nmáàkì. Ère ẹ̀yìn pẹpẹ ńlá tí ó wà ní Aarhus, tí a parí ní ọdún 1479, Bernt Notke ni ó ṣe é, ará Lübeck ní ilẹ̀ Jámánì sì ni. Owó ni wọ́n fi rà á láti òkè òkun, bí àwọn àgbà wa ti ń ra fèrèsé aláwọ̀ mèremère láti ìlú òyìnbó. Nítorí náà, ìbéèrè pé "ti wa ni tàbí ti wọn?" kò tó. Nǹkan lè jẹ́ ti àlejò kí ó sì di onílé; nǹkan sì lè jẹ́ ti onílé kí ó máa ṣe àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Àwọn Asante fúnra wọn ni ó fi èyí hàn jù lọ, àpẹẹrẹ náà sì ni àga tí wọ́n ń pè ní asipim. Nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́kọ́ ń gbé àga tí ó ní ẹ̀yìn wá sí etí òkun, àwọn ìjòyè rí i, ó sì wù wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ igi Asante kò kàn ṣe irú rẹ̀ lásán. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó lè bá ìjókòó ọba mu, wọ́n fi awọ tẹ́ ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì fi ìṣó idẹ kan gbogbo ara rẹ̀ títí ó fi ń tàn yinrin bí ohun tí a fi idẹ wọ̀ láṣọ. Wọ́n fún un ní orúkọ. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olúwarẹ̀ dúró gbọnyin. Wọ́n yan iṣẹ́ fún un: orí rẹ̀ ni ìjòyè ń jókòó sí ní ọjọ́ tí ó bá jáde sí gbangba. Lónìí, bí a bá sọ fún ọmọ Asante pé àga òyìnbó ni asipim, yóò rò pé a ń bú òun ni.

Ẹ wá wo àga inú ilé ìsìn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí bẹ́ńṣì míṣọ́nnárì ti wọ ilẹ̀ Asante àti ilẹ̀ tiwa. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún náà, ṣé a rí ẹnìkan tí ó rẹ bẹ́ńṣì sílẹ̀, tí ó kan ìṣó idẹ mọ́ ọn, tí ó fún un ní orúkọ? Ọba ní àṣẹ lórí àga tí a gbé wá fún un, ó sì pàṣẹ fún àwọn oníṣẹ́ rẹ̀. Ìjọ rò pé òun kò ní àṣẹ lórí bẹ́ńṣì, bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti bọ́. Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí.

Nígbà tí a wá jí lójú oorun, àtúnṣe tí a kọ́kọ́ ṣe ni àmì. Ẹni tí ó bá rin ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Gánà yóò rí adinkra lára ohun gbogbo, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Gye Nyame, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "àyàfi Ọlọ́run". Ó wà lára aṣọ àlùfáà, ó wà lára pẹpẹ, ó sì wà lára àga oníke pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ rere ni àmì náà ń sọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n adinkra ní ilé tí ó ti wá. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ àmì rẹ̀ sí ara èèpá igbá, wọ́n ń se èèpo igi di aró dúdú, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà ní ìlà, kí ẹni tí ó wọ aṣọ náà lè bá òkú àti àwọn aráyé sọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Gbólóhùn ni, kì í ṣe òǹtẹ̀ ọjà. Bí a bá fà á yọ kúrò nínú gbólóhùn, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pẹpẹ tí ìrísí rẹ̀ kò yí padà rárá, kí ni a ṣe? Àwọn àgbà ìjọ wa kọ̀ arugbá nítorí ohun tí ó jọ. Àwa gba Gye Nyame nítorí ohun tí ó jọ. Ìbéèrè kan náà ni. Bí mo bá rí adinkra lára aṣọ dúdú ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Rere, nígbà tí ìjọ ń ṣọ̀fọ̀ Olúwa, n ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ mọ èdè tí ó ń sọ.

Ohun kan wà ní Kumasi tí ó ju ọ̀rọ̀ àmì lọ, ó sì yẹ kí á yìn ín kí á tó bá a wíjọ́. Ní Àjọ̀dún Ara Olúwa, àwọn Kátólíìkì kárí ayé a máa gbé àkàrà mímọ́ yí ìgboro ká. Ní Kumasi, a ń gbé e bí wọ́n ti ń gbé Asantehene: orí àga ńlá tí àwọn ọkùnrin gbé lé èjìká, abẹ́ agboòrùn ràgàjì, pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Pashington Obeng kọ ìwé lórí ìsìn Kátólíìkì láàrin àwọn Asante, tí ó jáde ní ọdún 1996, ó sì ṣe àlàyé àjọ̀dún náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàì kan Peter Kwasi Sarpong, ọmọ Asante tí ó ṣe bíṣọ́ọ̀bù Kumasi láti ọdún 1970, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 2002, tí ó sì fẹ̀yìn tì ní 2008. Ẹ wo bí agboòrùn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Ó ń fún ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní òjìji, ó ń jó sókè sódò kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́, ó sì ń sọ fún arúgbó tí kò kàwé rí, tí ó dúró ní ẹ̀bá títì, pé ọba ni ó ń kọjá. A kò ní láti ṣe àlàyé fún un. Bí ọkọ̀ atukọ̀ Dẹ́nmáàkì ni: iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ní ilé ni ó ń ṣe níwájú Ọlọ́run.

Síbẹ̀, ẹnu mi kò gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá yá agboòrùn ọba lò, ó yá idà ọba pẹ̀lú. Agboòrùn Asante kì í ṣe òjìji lásán. Ogun wà nínú ìtàn rẹ̀, ẹrú sì wà nínú ìtàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ìtàn adé tiwa náà. Olúwa tí ó fi omi wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ibo ni ó wà nínú gbogbo ọlá ńlá yìí? Bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ̀dún náà kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọdún. Nígbà tí ìlù bá dákẹ́ tí agboòrùn bá ká, ìjọ yóò padà sí orí bẹ́ńṣì.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àpótí ìjókòó ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe agboòrùn. Sarpong fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ àpótí dunjú. Ìwé tí ó kọ lórí àpótí mímọ́ àwọn Akan jáde ní ọdún 1971. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ àpótí Asante, igi funfun tí wọ́n ń pè ní sese. Ìjókòó rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bí òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹni tí ó ni ín àti àpótí rẹ̀ kì í ṣe méjì. Bí ó bá dìde, ó lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ògiri kí ẹ̀mí tí ń kọjá má baà jókòó sí i. Nígbà tí ọba rere bá wàjà, wọn a sọ àpótí rẹ̀ di dúdú, wọn a sì gbé e sí yàrá àwọn baba ńlá. Gbogbo ayé mọ Àpótí Wúrà, Sika Dwa Kofi, tí Ọkọmfo Anokye fi fún Osei Tutu, tí ẹ̀mí gbogbo ìran Asante wà nínú rẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i, àní ọba pàápàá. Nígbà tí Gómìnà Hodgson béèrè rẹ̀ ní ọdún 1900 pé òun fẹ́ jókòó lé e, ogun ni wọ́n fi dá a lóhùn, Yaa Asantewaa sì ni ó ṣíwájú wọn.

Ẹnìkan yóò wí pé, nítorí èyí gan-an ni kò ṣe yẹ kí àpótí wọ ilé ìsìn: wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àpótí dúdú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àpótí kì í ṣe ti ọba nìkan. Ní ilẹ̀ Asante, àpótí ni baba ń fún ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Àpótí ni ọkọ ń fún ìyàwó rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé òun ti ní ìjókòó nínú ilé náà. Nítorí náà, bí a bá fi ọ̀ràn náà lọ̀ mí, n kò ní gbé àpótí lọ sí ibi ìtẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ìdí ọpọ́n ìrìbọmi ni n ó gbé e lọ. N ó ní kí agbẹ́gilére Ahwiaa gbẹ́ àpótí kan láti ara igi kan, kí ó fi ìjókòó rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ gbé ọpọ́n omi dúró. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀ yóò mọ̀, láìsí ìwàásù, pé Baba kan ń fún ọmọ yìí ní ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Àwọn tí ó lè ṣe irú rẹ̀ kò jìnnà. Láti ọdún 1952 tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Achimota ti kó lọ sí Kumasi, ìlú náà ní àwọn tí ó kàwé lórí iṣẹ́ ọnà àti àwọn tí ó bá a nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò rán wọn níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìránniníṣẹ́ yìí ni ó mú mi padà sí ilé. Ní ọdún 1947, Father Kevin Carroll àti Father O'Mahony, tí àwọn pẹ̀lú jẹ́ ti ẹgbẹ́ S.M.A., dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe agbẹ́gilére, wọ́n pe ahunṣọ, wọ́n pe àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ adé. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, wá. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá, tí a bí sí ilé agbẹ́gilére, wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Mùsùlùmí ni Làmídì, Carroll kò sì béèrè pé kí ó yí padà kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò gbé àwòrán Ítálì kalẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n dà á kọ. A sọ ìtàn fún wọn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin: pákó tí a pín sí ojú kọ̀ọ̀kan, ènìyàn tí orí rẹ̀ tóbi tí ojú rẹ̀ sì tutù, àwọn ọba ìlà-oòrùn ní ìrísí ọba Yorùbá. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀kùn tí Làmídì gbẹ́ fún ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn yóò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó mọ ohun tí ilẹ̀kùn ń ṣe: ó ń dá ènìyàn dúró díẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ó kógbá sílé ní 1954. Bándélé àti Làmídì ń bá iṣẹ́ lọ, Làmídì sì kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2009. Àbùkù tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti àwọn oníṣẹ́. Àlùfáà ni ó rán wọn, kì í ṣe ìjọ. Nígbà tí àlùfáà bá lọ, ta ni yóò rán wọn? Ní Dẹ́nmáàkì, atukọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọkọ̀ wá. Ní Kumasi, ìlú ni ó mọ bí a ti ń gbé ọba. Ní Ọ̀yẹ́, bí a bá sọ òtítọ́, àlejò ni ó fẹ́ràn iṣẹ́ wa ju bí àwa ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà nítòsí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù. Kí wọ́n ya ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Àwọn Yorùbá tiwa pẹ̀lú ti ní ilé ìsìn ní Kumasi rí. Àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ síbẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ìparí ọdún 1969 tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í gbé ère tàbí àwòrán sí ilé ìsìn. Odò ìtẹ̀bọmi àti àga ìwàásù ni ohun èlò wọn, èdè Yorùbá sì ni ọ̀ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, bẹ́ńṣì kò ṣe é gbé. Ìwé orin ni wọ́n mú dání.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ilé agbẹ́gilére àdúgbò wa. Òun ti di olóògbé. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrókò rẹ̀ ti dúdú, ọwọ́ àwọn ọmọdé sì ti mú kí èjìká rẹ̀ máa dán. Bíbélì ìyá arúgbó ilé náà wà lórí pákó rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú àti kọ́kọ́rọ́ ilé. Ìyá náà ní ibẹ̀ ni òun máa ń gbé e sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ga tó ojú òun.